Ẹyin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe oògùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó máa ń pàtẹ ní Lágere. Tí mo bá kà á tán, ọkọ mi á gbà á, lẹ́yìn náà á di ti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. N kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ẹyin kan ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì ti di ọdún 19 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọ kò tíì kúrò lórí ìlà tí wọ́n ti ń kọrin, ni màmá àgbàlagbà kan wọ inú ọgbà wa. Ìlóde ló ti fẹsẹ̀ rìn wá. Ó gbé nǹkan kan dání tó wé sínú ọ̀rá dúdú méjì, ó na apá síwájú, kò jẹ́ kó kan aṣọ òun. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Èwo nínú yín ni tíṣà tó ń kọ́ ọmọ mi lóògùn?"

Èmi ni. Ife ike ló wà nínú ọ̀rá yẹn, ẹyin adìyẹ kan ló sì wà nínú ife náà, ẹyin tí kò ní èèpo lára mọ́ rárá, síbẹ̀ tí kò tú. Ọmọ ọmọ rẹ̀, tó wà ní JSS 2 nínú kíláàsì mi, ló gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí àwọn àbúrò rẹ̀ má baà fọwọ́ kàn án. Màmá ń gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ kan ife, ó fà á jáde. "Mo fọwọ́ kàn án, ó mì bí ara ọmọ tuntun," bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. "Mo gbé e síbi iná, mo rí pupa ẹyin nínú rẹ̀ tó ń yí. N ò fojú kan oorun mọ́jú." Ó ti na ọmọ náà ní pàṣán kó tó wá, ọmọ náà sì ń sunkún pé tíṣà ló ní kóun ṣe é.

N kò bínú sí i. Ẹni tó bá dàgbà sí Ifẹ̀, tó wá rí ẹyin nínú ife lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, kí ni kó rò? Ẹyin wà nínú ètùtù, ó wà nínú ẹbọ, a ń rí i ní oríta. Ẹ̀rù tó bà á nídìí. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ tó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ bó ṣe yẹ, tó tún ṣọ́ ọ kí ó má bàjẹ́, òun ló jẹ pàṣán. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Mo rán àwọn ọmọ níṣẹ́ lọ sílé, n kò sì rán ọ̀rọ̀ kankan sí àwọn òbí wọn.

Mo gbé àga fún màmá, mo fún un lómi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ìṣẹ́jú 10 péré. Mo mú ẹyin tútù kan, mo bu fínígà sínú ife gíláàsì, mo sì gbé ẹyin náà sínú rẹ̀ lójú rẹ̀. Èèyàn kò tíì ka ení, èjì, ẹ̀ta tán tí èhó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára èèpo ẹyin náà, kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́. Wọ́n bò ó lára, àwọn kan ń já sókè, àwọn mìíràn ń rọ́pò wọn. Nígbà tó yá, ẹyin náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí jẹ́jẹ́ nínú ife, bí ẹni pé ẹnìkan ń fi ìka tì í nídìí.

Màmá tẹ̀ síwájú lórí àga. Ó tẹjú mọ́ ife náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ó ń hó. Bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe máa ń hó téèyàn bá fún un lé káún."

Olóòtú, nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe jókòó láti kọ lẹ́tà yìí. Láti ọdún 19 ni mo ti ń kọ ọ́ sójú pátákó pé bí ásíìdì bá pàdé kábọ́néètì, gáàsì kábọ́ọ̀nù dàòṣáìdì á tú jáde. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á há a sórí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ kí ìsinmi tó parí. Màmá tí kò jókòó nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì rí sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpẹẹrẹ tó sì mú wá kò fì síbì kan. Ọsàn wẹ́wẹ́ ní ásíìdì nínú bí fínígà ṣe ní in. Káún jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí kábọ́néètì, bí èèpo ẹyin náà, tó jẹ́ kálísíọ̀mù kábọ́néètì, ṣe jẹ́. Gáàsì kan náà ló ń ti inú méjèèjì jáde.

Ó wá béèrè pé kí ni fínígà yìí gan-an, nítorí òórùn rẹ̀ jọ nǹkan tí òun mọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ fi wé emu tó kan." Ojú rẹ̀ là. Ọmọ ọ̀kọpẹ ni, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ: emu àárọ̀ dùn, ti alẹ́ ti ń gun orí, bí wọ́n bá sì gbàgbé rẹ̀ nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kò ṣeé mu mọ́, ó ti kan gógó. Ohun tí mo fi kún un kò pọ̀. Mo ní kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń ṣe é, pé ìwúkàrà kọ́kọ́ ń sọ dídùn inú emu di ọtí, lẹ́yìn náà àwọn kòkòrò mìíràn á gba afẹ́fẹ́ sára, wọn á sì sọ ọtí náà di ásíìdì. Ní àwọn ọdún 1860 ni Louis Pasteur, ará Faransé, fi hàn pé ohun abẹ̀mí ló ń sọ ọtí di kíkan. Màmá ní bàbá òun kì í gba emu tuntun sínú akèrègbè tí wọn kò tíì fọ̀, nítorí pé ti àná á ba tòní jẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa lò ó ní kíláàsì.

Inú ìdá 100 fínígà tí à ń rà lọ́jà, nǹkan bí ìdá 5 péré ni ásíìdì, ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi. Ìdí nìyẹn tó fi lọ́ra. Ó ń jẹ èèpo ẹyin náà díẹ̀díẹ̀, apá kan ń di gáàsì, apá kan ń yọ́ sínú omi. Tó bá di ọjọ́ kejì, ìfófó kan tó ní àwọ̀ ilẹ̀ á léfòó lójú fínígà. Àwọ̀ tó wà lára èèpo ẹyin agríìkì ló ṣí kúrò yẹn. Ẹ gbé ẹyin náà sábẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ fi àtàǹpàkò ra á jẹ́jẹ́, ìyókù èèpo á bó lọ bí ìyẹ̀fun tútù. Ohun tó kù ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí gbogbo ẹni tó ti bó ẹyin sísè rí mọ̀. Fínígà kò rí awọ yẹn jẹ. Òun ló di gbogbo rẹ̀ mú. Bí ẹ bá gbé e síwájú iná tọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rí pupa ẹyin tó ń léfòó nínú rẹ̀ kedere. N kò mọ iye ìgbà tí mo ti rí i, ó ṣì ń wù mí wò.

Màmá tún béèrè nǹkan kan tí ìdajì àwọn ọmọ kíláàsì mi kò kíyè sí: kí ló dé tó fi tóbi ju ẹyin lọ? Omi ló gba inú awọ wọlé. Àwọn ọmọ tó fi òwú wọn ti wọn bá sẹ̀ǹtímítà 13 àti ààbọ̀ yí ẹyin ká kó tó wọnú fínígà, 15 nígbà tó jáde. A gbé ọ̀kan sínú omi ṣúgà tó ki, ó di ọjọ́ kejì ó ti hunjọ, awọ rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ, torí omi ti sá jáde lọ bá ṣúgà. A dá a padà sínú omi lásán, ó tún wú. Ọ̀nà tí omi ń gbà wọ gbòǹgbò ewéko nìyẹn, ó sì wà nínú ìwé SS wọn lábẹ́ orúkọ gígùn kan tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rù pè.

"Ẹnikẹ́ni ò wá pe nǹkan kan sí i?" Màmá fẹ́ dá a lójú. Mo ní kò sẹ́ni tó pe nǹkan kan sí i. Ó wo ẹ̀yìn mi, níbi tí ọmọ náà fara pamọ́ sí lẹ́bàá ògiri, ó sì pè é. Kò bẹ̀ ẹ́ o. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó tó dì síbẹ̀, ó ka díẹ̀ fún un pé kó fi ra búrẹ́dì, ó fọwọ́ ra á lórí. Sí èmi ó ní, "Ọmọ mi, ṣe jẹ́jẹ́. Tó bá tún di ọjọ́ mìíràn, ránṣẹ́ sílé." Láti ọ̀sẹ̀ náà ni mo ti ń kọ ìwé pélébé kan lédè Yorùbá tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú lọ sílé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí a fẹ́ ṣe, ohun tí ẹ máa rí, ohun tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára níbẹ̀, àti ohun tí kò yẹ kí ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe.

Mo ti rí ohun tí ẹ̀rù máa ń ṣe sí ẹ̀kọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, mo ṣe iṣẹ́ bàlúùnù fún àwọn ọmọ. A bu fínígà sí ìsàlẹ̀ ìgò omi 50cl, a da ṣíbí tíì kan bekin sódà sínú bàlúùnù, a fi ẹnu bàlúùnù bo ẹnu ìgò, a gbé bàlúùnù náà sókè kí sódà inú rẹ̀ lè já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú láìsí ẹni tó fẹ́ ẹ. Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ yẹn, ẹ kò lè mọ̀. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ọmọkùnrin kan lọ tún un ṣe fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bàlúùnù. Ó fi ìdérí dé ìgò náà, ó sì yí i pa. Ìgò náà wú, ó le bí igi, ó bú gbàù. Ìdérí rẹ̀ gbá gíláàsì fèrèsé. Ọlọ́run ṣàánú, kò kan ojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa sọ fún wa nípàdé pé kò sí ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe mọ́, kí oníkálukú máa kọ ọ́ sójú pátákó. Ọdún méjì gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí títí dòní, torí ìgò yẹn kò nílò òfin, ìṣirò ló nílò. Ṣíbí tíì kan bekin sódà tó nǹkan bí gíráàmù 5. Bó bá rí fínígà tó, bíi 70 mìlílítà, gáàsì tó máa tú jáde nínú ojú ọjọ́ tiwa á ju lítà 1 lọ, á tó bíi lítà 1.4. Ìgò 50cl, ìdajì lítà ni. Ibo ni kí ìyókù gbà? Ká ní mo ti jẹ́ kí wọ́n ṣe ìṣirò yẹn kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ọmọkùnrin yẹn ì bá ti mọ̀. Ní báyìí, ìṣirò ló máa ń ṣáájú ní kíláàsì mi, ìgò kò sì bú mọ́.

Òmíràn tún wà. Ìwé kan ní kí a fi ṣọ́ọ̀kì sínú fínígà, pé á hó. Mo ṣe é, kò hó. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé ló parọ́ ni àbí ṣọ́ọ̀kì?" Mo ní màá lọ wò ó. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì tí à ń fi kọ̀wé lóde òní, jípísọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, kálísíọ̀mù ló wà nínú òun náà ṣùgbọ́n kì í ṣe ti kábọ́néètì, nítorí náà fínígà kò rí nǹkan ṣe fún un. Ṣọ́ọ̀kì tí ìwé náà ń sọ yàtọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo mú ìkarahun ìgbín wá láti ẹ̀yìnkùlé. A fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a dà á sínú fínígà, ó hó. Ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn kò gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Òun ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀lé wọn.

Láti ẹnu màmá ni mo ti kọ́ láti máa lo káún dípò bekin sódà. Kò wọ́n, ó wà ní Sábó, ó wà ní Ọjà Titun, ó sì wà ní ilé ìdáná ọ̀pọ̀ nínú wa nítorí ewédú àti ẹ̀wà. Àwọn ọmọ fi òkúta káún kan sínú ife kìíní, wọ́n lọ ọ̀kan tó tóbi tó o kúnná fún ife kejì, wọ́n da fínígà sórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kúnná ru sókè, ó kún bo ẹnu ife. Òkúta ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nìṣó, ó ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Mo ní kí ló fà á. Ọmọ kan ní, "Èyí tí a lọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ni fínígà rí kàn." N kò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ife bekin sódà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: ó tutù ju bí fínígà ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnu yà wọ́n, torí ohun tó bá ń hó lójú tiwa, ó yẹ kó gbóná ni.

Èyí tó máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ jù ni ti àbẹ́là. A máa tan àbẹ́là kúkurú sínú àwo. A máa po fínígà àti sódà nínú jọ́ọ̀gì, a ó dúró kí ìfófó rẹ̀ rọlẹ̀, a ó wá tẹ ẹnu jọ́ọ̀gì náà sórí iná, jẹ́jẹ́, láìjẹ́ kí ẹ̀kán omi kan kán sílẹ̀. Ojú kò rí nǹkan kan tó jáde. Iná náà á mì, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á kú. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é ní kíláàsì yìí, ọmọ kan láti ẹ̀yìn ní, "Ta ló fẹ́ ẹ?" Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Kábọ́ọ̀nù dàòṣáìdì fi bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí omi, ó sì lé afẹ́fẹ́ tí iná ń jẹ kúrò. Irú gáàsì yẹn náà ni wọ́n ń rọ sínú àwọn kan nínú ìgò pípaná tó wà lára ògiri ilé ìfowópamọ́.

Gbogbo èyí, Olóòtú, èdè Yorùbá ni mo fi ń ṣe é, kí n tó wá sọ orúkọ tí ìdánwò ń fẹ́ fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mò ń fa àwọn ọmọ sẹ́yìn. Kí wọ́n má bínú sí mi, ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti dán an wò. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì, ní gbogbo ẹ̀kọ́, fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti ilé mi dé ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Àwa tí ó ṣẹlẹ̀ lójúde wa la wá gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan kí n tó padà. Nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ kálísíọ̀mù fún màmá, mo rántí Igbó Olókun wa ní apá àríwá ìlú, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì àti àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì, ti bíi ọ̀rúndún 11 sí 15. Wọ́n yẹ gíláàsì náà wò, wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà tí kò jọ ti ibòmíràn, ìyẹn ni pé níbí ni wọ́n ti ṣe é, wọn kò rà á wá. Àwọn baba wa tó yọ́ iyanrìn di ìlẹ̀kẹ̀ kò pè é ní kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti mọ ohun tó ń bá ohun ṣe, ìwọ̀n wo, iná wo. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì, mo sì máa ń rí i lójú wọn pé wọ́n jókòó dáadáa.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ sí àwọn òbí. Tí ọmọ yín bá béèrè fínígà ìdajì ife, ẹyin kan, tàbí káún díẹ̀, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í. Ẹ má jẹ́ kó tọ́ ohunkóhun tí wọ́n ti lò wò. Ẹ má jẹ́ kó dé ohun tó ń hó pa. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí fínígà àti bílíìsì tí à ń pè ní Jik má pàdé láé, torí gáàsì olóró tó ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára ló máa tú jáde. Ọmọ kan bi mí léèrè bóyá omi bátìrì mọ́tò á yára ju fínígà lọ. Mo dá kíláàsì dúró lọ́jọ́ yẹn, a fi gbogbo àkókò tó kù sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ásíìdì tó wà nínú bátìrì kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ fínígà. Ó ń jó ara, ó ń fọ́ ojú. Kí ọmọ kankan má sún mọ́ ọn.

Sí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́: ẹ má fòfin de olùkọ́ nítorí ìgò kan bú. Ẹ bi í léèrè ohun tó ṣe àti ohun tó máa yí padà. Mo ti rí ọmọ SS 3 tó jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ìdánwò ló ti kọ́kọ́ di búréètì, ọ̀pá gíláàsì tí à ń fi wọn ásíìdì, mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Ọmọ tó ti fi káún àti fínígà ṣeré ní JSS 1 kò ní gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí yàrá ìwádìí ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn láti kọ́ ọ. Àmọ́ igi máńgòrò kan àti tábìlì kan ń bẹ níbi gbogbo.

Sí ẹ̀yin fúnra yín, Olóòtú: ẹ fún wa ní igun kékeré kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò ju bí ìpolówó aṣọ kan lọ, níbi tí olùkọ́ lè ti kọ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe kan sílẹ̀ lédè Yorùbá fún àwọn ọmọ àti àwọn tó ń tọ́ wọn. Irú èyí tí màmá lè kà fún ọmọ ọmọ, tàbí tí ọmọ lè kà fún màmá. Èmi yóò kọ tèmi, n kò sì ní gba kọ́bọ̀. Àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀. Ti sóbò ni: ẹ se ìṣápá pupa, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ bù ú sínú ife mélòó kan, ẹ kán fínígà sí ọ̀kan, omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí òmíràn, omi káún sí ìkẹta, omi ọṣẹ sí ìkẹrin. Ti fínígà àti ti ọsàn á tún pọ́n sí i. Ti káún á ṣú, á yí sí àwọ̀ ewé lójú yín. Báyìí lẹ ṣe máa mọ ohun tó jẹ́ ásíìdì àti ohun tí kì í ṣe é, láìtọ́ ọ wò.

Màmá Ìlóde tún wá lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí ó kí gbogbo ènìyàn láti ẹnu géètì. Ó gbé eérú èèpo kókó wá nínú agolo mílíìkì kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ó ní kí a da fínígà sí i ká wò ó, pé ọkàn òun sọ fún òun pé á hó. N kò jẹ́ kí a ṣe é lójú ẹsẹ̀, torí àwọn ọmọ kò sí níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la máa ṣe é, ní agogo mẹ́wàá, ó sì ti ní òun máa wà níbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Ìbejì,
Òkèrewè, Ilé-Ifẹ̀.